Ọwọ́ Wo Lo Fi Ń Di Máòsì Mú?

Lónìí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá ń wá èèyàn sí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tíṣà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń kọ́ ọmọdé ní kọ̀ǹpútà ló sì ń dá irú rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìmọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà 6 la ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n ti dàgbà, Windows tuntun wúwo jù fún wọn, nítorí náà Xubuntu ni mo fi sí wọn, ọ̀kan nínú àwọn Linux tó fúyẹ́. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 11. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó, ó na ọwọ́ òsì, ó gbé máòsì kọjá níwájú kíbọ́ọ̀dù, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Mo gba máòsì náà, mo dá a padà sí ọ̀tún. Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń di máòsì mú." Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dá fọ́ldà sílẹ̀, wọ́n ti ń fa fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. Òun ṣì ń wá bí ọfà ojú kọ̀ǹpútà á ṣe dúró lórí àwòrán kékeré kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọfà á kọjá, á padà, á tún kọjá. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ò yá. Mi ò wí i síta o, ṣùgbọ́n ohun tí tíṣà bá ti gbà gbọ́ nípa ọmọ, ọmọ náà á rí i lójú rẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé máòsì sí òsì, ó ń fi ya ilé kan àti igi ọ̀pẹ kan lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà rẹ̀ ń lọ geere. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: tó bá fẹ́ tẹ̀ nǹkan, mẹ́nù kan á já wálẹ̀ tí kò pè. Ṣé ẹ rí i, tí èèyàn bá fi ọwọ́ òsì di máòsì mú, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò rẹ̀ kì í bọ́ sórí bọ́tìnnì òsì mọ́, bọ́tìnnì ọ̀tún ló ń bọ́ sí. Ọmọ náà wá ń wọ́ ìka rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó tó lè tẹ bọ́tìnnì tó tọ́. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ó ṣì yára ju bó ṣe ń ṣe lọ́wọ́ ọ̀tún lọ. Bó ṣe rí mi, ó yára gbé máòsì padà sí ọ̀tún.

Ìgbé padà yẹn ló dùn mí. Èmi tí mo máa ń pariwo pé Linux ń fún èèyàn ní òmìnira láti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe bó ṣe fẹ́, èmi náà ni mo kọ́ ọmọ láti tún ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nítorí máòsì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa máòsì kì í ṣe bí a ṣe ń dì í mú. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni bí a ṣe ń tò ó kó lè bá ọwọ́ ẹni mu. Àwọn tó ṣe dírẹ́bà máòsì fún Linux ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Àwa tíṣà ni a kò tíì ṣe tiwa.

Òsì kì í ṣe òṣì

Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 10 ló jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Nínú kíláàsì ọmọ 30, ẹ máa retí bí mẹ́ta. Tí ẹ bá wo kíláàsì yín tí ẹ ò rí ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti kọ́ láti fara pamọ́ ni.

A mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi jẹun, a kì í nà án sí èèyàn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, bí ẹni pé òsì àti òṣì ti inú ilé kan náà wá, nígbà tó jẹ́ pé àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò ní ká pa àṣà tì. Èmi náà ò ní fi ọwọ́ òsì kí àgbà. Ṣùgbọ́n máòsì kì í ṣe àgbà tí à ń kí, kì í sì í ṣe oúnjẹ tí à ń gbé fún àlejò. Irinṣẹ́ ni. Nílẹ̀ wa níbí náà, àwọn Ògbóni ń fi ọwọ́ òsì bọ ara wọn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá ò rí ìlò kankan fún ọwọ́ òsì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ló ń mú ọwọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń rò pé láti ọ̀run ni wọ́n ti dá máòsì fún ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Douglas Engelbart ló ronú kan máòsì, Bill English sì bá a kan èyí àkọ́kọ́ ní 1964. Àpótí igi kékeré ni. Nígbà tí Engelbart fi han gbogbo ayé ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1968, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di máòsì mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣeré: ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré mìíràn tó ní bọ́tìnnì 5, tó fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ ni wọ́n pín fún ọwọ́ méjèèjì. Kíbọ́ọ̀dù kékeré yẹn ò gbajúmọ̀, máòsì nìkan ló kù fún wa, òun náà la wá sọ di òfin ọwọ́ ọ̀tún.

Kí ni dírẹ́bà máòsì ń ṣe gan-an?

Tí a bá ní dírẹ́bà, ẹni tó ń wa dáńfó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Dírẹ́bà ti inú kọ̀ǹpútà jọ ògbufọ̀ ju awakọ̀ lọ. Ó ń gbọ́ èdè ohun èlò kan, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyókù kọ̀ǹpútà.

Lábẹ́ máòsì òde òní, iná kékeré kan wà àti kámẹ́rà tíńtín kan. Kámẹ́rà yìí ń ya àwòrán orí tábìlì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀lé e, ó fi ń mọ ibi tí máòsì yà sí. Tí wọ́n bá sọ pé máòsì kan jẹ́ 1000 DPI, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá sún un ní ínǹṣì kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2.54, ìṣísẹ̀ 1000 ló máa kà. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ kò ju báyìí lọ: "Mo sún sí ọ̀tún ní ìṣísẹ̀ 5, mo sún sókè ní 2, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan." Kò mọ ibi tí ọfà wà lójú kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọfà kankan wà.

Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ló kọ́kọ́ ń gba ìròyìn yìí. Ó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bọ́tìnnì òsì, tí ó ń pè ní BTN_LEFT, jẹ́ 272. Bọ́tìnnì ọ̀tún, BTN_RIGHT, jẹ́ 273. Ó wá gbé ìròyìn náà sínú fáìlì kan lábẹ́ /dev/input. Níbẹ̀ ni libinput ti ń kà á. Libinput ló ń pinnu bí ìṣísẹ̀ máòsì ṣe máa di ìrìn ọfà, àti bọ́tìnnì wo ló máa jẹ́ bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ló gbé e fún X tàbí Wayland, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ohun tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí ibi tí ìpinnu yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe inú máòsì. Ṣíṣí bọ́tìnnì nípò padà kò ba máòsì jẹ́, kò sì béèrè pé kí ẹ lọ ra máòsì olówó ńlá. Máòsì ṣì ń sọ pé 272. Libinput ló ń gbọ́ 272, tó sì ń sọ ọ́ di 273 kó tó gbé e síwájú.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ fi libinput-tools sórí Ubuntu tàbí Debian yín, kí ẹ sì tẹ èyí sínú terminal:

sudo libinput debug-events

Ẹ tẹ bọ́tìnnì òsì, ẹ máa rí BTN_LEFT àti 272. Ẹ fi Ctrl àti C dá a dúró. Ẹ tún un ṣe báyìí:

sudo libinput debug-events --enable-left-handed

Bọ́tìnnì kan náà, ìka kan náà, ṣùgbọ́n ẹ máa rí BTN_RIGHT. Mo ṣe èyí lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ariwo tí wọ́n pa kì í ṣe kékeré. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ wọn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tó èyí pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe àdììtú, pé èèyàn ló kọ òfin tó ń tẹ̀ lé, èèyàn sì lè yí i padà.

Bí a ṣe ń tò ó

Lórí Xubuntu àti gbogbo Linux tó ń lo Xfce, ẹ lọ sí Settings, ẹ yan Mouse and Touchpad. Ẹ yan máòsì yín nínú orúkọ àwọn ohun èlò tó wà lókè, kí ẹ sì tẹ "Left handed". Ó parí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọmọ yẹn fi jìyà, ìṣẹ́jú kan ni oògùn rẹ̀.

Àmọ́ ní ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo kọ̀ǹpútà kan, bíi tiwa, ẹ lè sọ pé: ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, nítorí ètò tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ kò kan ẹlòmíràn. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù: ẹ so máòsì méjì mọ́ kọ̀ǹpútà kan náà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa darí ọfà kan náà. Ọ̀kan dúró ní ọ̀tún, ọ̀kan dúró ní òsì. Kí ti òsì lè jẹ́ ti òsì fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó, àní lójú ibi tí a ti ń kọ orúkọ wọlé pàápàá, ẹ tẹ "xinput list" sínú terminal kí ẹ lè mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá kọ fáìlì kékeré kan sínú /etc/X11/xorg.conf.d, kí orúkọ fáìlì náà parí sí .conf. Tèmi ń jẹ́ 90-osi.conf:

Section "InputClass"
    Identifier "maosi osi"
    MatchIsPointer "on"
    MatchProduct "ORUKO MAOSI YIN"
    Driver "libinput"
    Option "LeftHanded" "on"
EndSection

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Ìkìlọ̀ kan péré: kí máòsì méjèèjì má jẹ́ irú kan náà, torí orúkọ ni fáìlì yìí fi ń dá wọn mọ̀. Tí orúkọ wọn bá dọ́gba, àwọn méjèèjì ló máa di ọlọ́wọ́ òsì. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra èyí tẹ́ ẹ máa fi sí òsì, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí. Àwọn máòsì olówó gọbọi kan wà tí wọ́n ti tẹ̀ kọrọdọ fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan, kò sí dírẹ́bà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kéré ló rí bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àìlówó ṣe wá láǹfààní.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà díẹ̀

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí Linux rántí ìgbà tí máòsì jẹ́ ìdánwò. Nínú fáìlì XF86Config, ẹ gbọ́dọ̀ kọ irú èdè tí máòsì ń sọ, bíi "IMPS/2", kí ẹ kọ ibi tó wà, kí ẹ sì kọ "ZAxisMapping" "4 5" kí táyà àárín rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ṣì í kọ, ojú kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti ṣí. Lónìí, ẹ kàn so máòsì mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́. Libinput, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015, wà lára ohun tó mú ìrọ̀rùn yìí wá. Peter Hutterer, òṣìṣẹ́ Red Hat, ni aṣáájú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ohun tí èèyàn lè yí padà kù. Àwọn kan bínú sí wọn nítorí èyí. Èmi wà lẹ́yìn wọn. Nǹkan 80 tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òmìnira. Ẹ sì wò ó, nínú ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀, ọwọ́ òsì wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ ni òkè libinput. Bí a ṣe ń kúrò lórí X bọ́ sórí Wayland, fáìlì kékeré tí mo kọ sókè yẹn kò ní agbára mọ́. Lórí Wayland, tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tó máa fún èèyàn. KDE Plasma ń jẹ́ kí ẹ to máòsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Sway náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. GNOME, tí Ubuntu gbà gẹ́gẹ́ bí tábìlì rẹ̀, ní àṣẹ tirẹ̀:

gsettings set org.gnome.desktop.peripherals.mouse left-handed true

Àṣẹ yìí dára fún ẹni tó dá lo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n gbogbo máòsì tó bá wà lára kọ̀ǹpútà ló mú pa pọ̀. Máòsì ọ̀tún àti máòsì òsì ò lè gbé pọ̀ níbẹ̀. Libinput lè ṣe é, tábìlì ni kò gbé e dé iwájú wa. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí ojú ewé ètò wọn mọ́ tónítóní, mo sì fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ márùn-ún ni ìṣesí ọ̀pọ̀ kíláàsì lápá ibí. Ẹni tó bá ń dín nǹkan kù yẹ kó bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni mo ń gé kúrò níbẹ̀?

Kì í ṣe ọwọ́ òsì nìkan

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì wá bá mi lẹ́yìn tí mo ṣe ètò yìí tán. Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Tí n bá ní kí n tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ló ń sá lọ." Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n díẹ̀. Láàárín títẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, máòsì á ti sún, kọ̀ǹpútà á sì rò pé bàbá fẹ́ fa fáìlì náà lọ síbòmíràn ni. Báyìí ni lẹ́tà bàbá ṣe ń há sínú fọ́ldà tí kò mọ̀.

Òun náà ní oògùn. Nínú Mouse and Touchpad kan náà, ẹ ṣí ojú ewé "Behavior". Ẹ máa rí ibi tí ẹ ti lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú sùúrù láàárín títẹ̀ méjì, àti ibi tí ẹ ti lè sọ pé kí máòsì rìn jìnnà díẹ̀ kó tó kà á sí fífà. Lórí GNOME, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ double-click, ìdá 400 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Òmíràn ń jẹ́ drag-threshold, 8 ló wà níbẹ̀. Ẹ lè fi kún méjèèjì.

Mo tún ṣe nǹkan kẹta fún bàbá. Bí a bá bá libinput lọ́wọ́ ara rẹ̀, eré tí ọwọ́ bá sá ló máa fi pinnu bí ọfà á ṣe jìnnà tó. Ẹ sún máòsì pẹ̀lẹ́, ọfà á rìn díẹ̀. Ẹ sún un ní ìwọ̀n kan náà ṣùgbọ́n kíákíá, ọfà á fò lọ. Èyí dára fún ọwọ́ tó dúró ṣinṣin, ó ń jẹ́ kí èèyàn rìn jìnnà lórí tábìlì kékeré. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá ta pẹ́rẹ́ lójijì, ọfà á ta ju ọwọ́ lọ. Mo fi ìlà kan kún fáìlì máòsì tirẹ̀: Option "AccelProfile" "flat". Pẹ̀lú èyí, bí ọwọ́ bá ṣe rìn náà ni ọfà á ṣe rìn, ì báà yá, ì báà pẹ́. Bàbá jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó ti ń gbọ́ mi báyìí." Àìsàn ọwọ́ rẹ̀ kò lọ o. Àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ ò sọnù mọ́.

Àwọn tó máa bá mi jiyàn

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà sọ pé mo ń ba ọmọ náà jẹ́ ni. Ó ní, "Ayé ọwọ́ ọ̀tún ló máa bá pàdé. Tó bá dé ibi ìdánwò ńkọ́, ṣé ìwọ lo máa lọ bá a tò ó?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ṣẹ̀sín. Ìdáhùn mi pín sí méjì. Àkọ́kọ́, JAMB fúnra wọn gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bọ́tìnnì 8 péré lórí kíbọ́ọ̀dù ṣe ìdánwò wọn láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí èrò parí padà. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìyẹn, kò ní bẹ̀rù máòsì ẹnikẹ́ni. Èkejì, ẹni tó ti mọ ohun tí máòsì wà fún lè kọ́ láti fi ọwọ́ kejì lò ó tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń kọ́ ní ohun tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà àti ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè rò pé kọ̀ǹpútà ló le.

Ẹ má sì rò pé mo ní kí ẹ fi tipátipá gbé gbogbo ọlọ́wọ́ òsì lọ sí òsì. Ìyẹn náà á tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi àtijọ́ tó yí aṣọ padà. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì kan fẹ́ràn máòsì ní ọ̀tún, torí ọwọ́ òsì wọn á ráyè mú bíírò, wọ́n á máa kọ̀wé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ń gbé e sí òsì ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí bọ́tìnnì ṣípò padà. Àwọn kan fẹ́ kó ṣípò. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, kò sì sí tíṣà tó lè fojú wo ọmọ kó mọ èyí tó bá a mu. Àfi kó béèrè.

Ọmọ yẹn ṣì ń wá ní Sátidé. Máòsì rẹ̀ wà ní òsì, bọ́tìnnì ti ṣípò. Kò di ọ̀gá lójijì o. Ó ṣì ń gbàgbé láti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kó tó pa kọ̀ǹpútà, bíi ti àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ọfà rẹ̀ ò kọjá ibi tó ń lọ mọ́, bí mo bá sì wọlé, kì í sáré gbé nǹkan kankan padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó sọ fún ọmọ pé "mú máòsì", ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi dì í mú?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ìṣẹ́jú kan ni títò rẹ̀.